Àwọn onígìtá béèsì tó lókìkí àti irú gìtá tí wọ́n yàn láàyò: ta ló yan kí ni, kí sì nìdí?

Ìró Ìsàlẹ̀ kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò, nítorí pé ó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwa tí a ń ta béèsì ní ẹgbẹ́ akọrin wa. Bí ẹnì kan bá ti fẹ́ ra gìtá, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sọ ni pé irú èyí ni Marcus Miller ń ta, tàbí pé irú èyí ni Jaco fi lókìkí, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n kọ sórí gìtá ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo ń wá. Kí ni ó mú kí James Jamerson dúró ti Fender Precision, tí Jaco Pastorius sì dì mọ́ Jazz Bass, tí Paul McCartney kò sì jẹ́ kọ Höfner rẹ̀ sílẹ̀? Ṣé wọ́n yàn án ni, àbí ohun tí owó wọn ká ni? Owó gìtá kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi sì ti pín sí méjì láàárín Precision àti Jazz Bass. Orin ìyìn àti jùjú ni mo máa ń bá wọn ta jù.

Àgbà Onígìtá dáhùn pé:

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí gìtá méjèèjì ṣe yàtọ̀ síra kí a tó máa dárúkọ ènìyàn. Kí ọdún 1951 tó dé, béèsì onígi ńlá tí a ń gbé nàró ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń lò. Ó ń gba àyè nínú ọkọ̀, ìlù àti fèrè sì máa ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Leo Fender, ẹni tí iṣẹ́ títún rédíò ṣe ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Fullerton ní Kalifọ́níà, ni ó mú Precision Bass jáde ní ọdún náà. Ó tẹ fret, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú pákó ọrùn, sí ọrùn rẹ̀ kí ìka lè bá ohùn gẹ́lẹ́ láìṣe pé ènìyàn ń fojú wá a, ó sì fi ìnṣì 34 ṣe gígùn okùn rẹ̀, òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Ní ọdún 1957 ni wọ́n pín pickup rẹ̀, ẹ̀rọ abẹ́ okùn tí ń gba ìró rẹ̀, sí abala méjì, ìyẹn ni kò jẹ́ kí iná máa kùn nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ki dáadáa.

Jazz Bass dé ní ọdún 1960. Pickup méjì ni ó ní, ọ̀kan ní ìhà ọrùn, ọ̀kan nítòsí bridge, irin tí okùn gùn lé ní ìdí gìtá, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín níbi orí: nǹkan bí mìlímítà 38, nígbà tí ti Precision àtijọ́ jẹ́ nǹkan bí 44. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tóbi yóò mọ ìyàtọ̀ yẹn kí ó tó ta ohùn kan péré. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni ó yàn án tàbí etí rẹ̀.

Okùn Pẹlẹbẹ dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ Jamerson sọ, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń fi ta Precision fún ara wọn láìmọ ohun tí ó wà lára gìtá ọkùnrin náà. Kò fi gìtá oníná bẹ̀rẹ̀. Béèsì onígi ni ó ń ta ní Detroit, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ ń lò ní Motown, ilé iṣẹ́ àwo orin ìlú náà. Nígbà tí ó yí sí Precision, kò pa ìṣe ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ tì: ìka tí ó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó fi ń fa okùn, débi pé orúkọ tí wọ́n sọ ìka náà ni The Hook.

Gìtá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn ni Precision ọdún 1962 kan tí ó sọ ní Funk Machine. Ẹ fi ara balẹ̀ wò ó. Okùn La Bella ni ó wà lórí rẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní flatwound, tí irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wé e, tí kò sì ha ọwọ́ bí roundwound, èyí tí irin róbótó ni wọ́n fi wé e, ti ń ha á. Okùn náà nípọn gan-an, ó sì ga kúrò lórí pákó ọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ atabéèsì mìíràn tí ó bá gbé e yóò yára dá a padà. Lábẹ́ irin tí ó bo bridge, fóòmù kan wà níbẹ̀ tí ó ń ká ohùn kò, kí ó má baà fà gùn. Kì í pààrọ̀ okùn àfi tí ó bá já, èérí àti òógùn ọwọ́ a sì máa wà lára okùn láti ọdún dé ọdún. Nínú Studio A ti Motown, wáyà gìtá rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tààrà ni, kò gba amplifier kọjá.

Ẹ bá mi to gbogbo èyí pọ̀, kí ẹ sì sọ ìdá mélòó nínú ohùn rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Fender. Àwọn olè jí gìtá yẹn gbé nígbà díẹ̀ ṣáájú ikú Jamerson ní ọdún 1983, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Bí ó bá sì jáde lọ́la, tí ẹni tí ó rí i bá yọ okùn rẹ̀ tí ó sì fi roundwound tuntun sí i, èmi kò rò pé ẹ ó dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Àbíkẹ́ Akọrin dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi obìnrin kan kún un, nítorí pé bí a bá ti ń ka orúkọ onígìtá béèsì, bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ni Ọlọ́run fún ní ìka. Carol Kaye, onígìtá lásán ni ní Los Angeles, orí jáàsì ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1963, atabéèsì tí ó yẹ kí ó wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Capitol kò yọjú, ni wọ́n bá gbé béèsì lé arábìnrin yìí lọ́wọ́, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti gbé e kalẹ̀ mọ́. Òun náà, Precision ni, okùn flatwound sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kì í fi ìka fà á bíi ti Jamerson: pick líle, ike pẹlẹbẹ tí a fi ń ta okùn, ni ó ń lò, ó sì ń fi awẹ́ aṣọ felt kan lé orí okùn nítòsí bridge kí ohùn lè ṣe ṣókí. Irú gìtá kan náà, irú okùn kan náà, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ mú ṣáṣá, ti Jamerson sì rọ̀. Ìbéèrè mi sí Okùn Pẹlẹbẹ ni pé, ṣé a lè wá sọ pé okùn ni ó ń pinnu ohun gbogbo?

Okùn Pẹlẹbẹ dáhùn pé:

Rárá o, mà. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ ra gìtá nítorí ẹnì kan, kí ó wádìí okùn ẹni náà àti ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó béèrè orúkọ gìtá.

Ará Peckham dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ti McCartney, ìdáhùn sí ìbéèrè ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ rọrùn: owó ni. Ní ọdún 1961 ní Hamburg ní Jámánì, Fender ń lọ sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, Höfner 500/1 sì jẹ́ nǹkan bí 30. Ọwọ́ òsì ni ọkùnrin náà fi ń ta gìtá, ara Höfner yìí sì dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi ti fáólìnì, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn pé ó dorí kodò bí ẹni tí ń lo ọwọ́ òsì bá gbé e. Inú rẹ̀ ṣófo, nítorí náà ó fúyẹ́ púpọ̀. Gígùn okùn rẹ̀ kò ju ìnṣì 30 lọ, fret rẹ̀ sì súnmọ́ra. Ẹni tí ó ń kọrin tí ó sì ń ta béèsì lẹ́ẹ̀kan náà yóò mọ iyì ìyẹn. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìlówó ni ó wá di ìfẹ́.

Ọdún 1965 ni ilé iṣẹ́ Rickenbacker fún un ní 4001S tirẹ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ dún gbọnrangandan ju ti Höfner lọ. Ní ọdún 1972, wọ́n jí Höfner àkọ́kọ́ yẹn gbé nínú ọkọ̀ ní Notting Hill, ibí yìí gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1973 ni òun àti Wings wá sí Èkó láti wá gba *Band on the Run* sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá. Méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di pé kí òun fúnra rẹ̀ máa lu ìlù kí ó sì tún máa ta béèsì. Àwọn olè tún dá a lọ́nà ní Èkó, wọ́n gba àwọn téèpù orin rẹ̀ lọ. Fẹlá sì wá bá a pé ó fẹ́ jí orin aláwọ̀ dúdú kó. Ọdún Rickenbacker ni àwọn ọdún náà jẹ́ fún un. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí Höfner tó padà sọ́wọ́ rẹ̀: oṣù Èrèlé ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí i.

Bí a ti dárúkọ Rickenbacker, ẹ má gbàgbé Chris Squire ti ẹgbẹ́ Yes. Ilé ìtajà ohun èlò orin ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó ra tirẹ̀, ó sì lò ó títí ó fi kú ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbé Rickenbacker lọ sí òde jùjú.

Ìró Ìsàlẹ̀ kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń rí i pé Precision ń borí. Kò ha sí ẹni tí yóò gbèjà Jazz Bass ni?

Ọmọ Agége dáhùn pé:

Èmi ni yóò gbèjà rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé béèsì kò gbọdọ̀ ju kí ó dúró sẹ́yìn kí ó sì máa di orin mú lọ. Ní ọdún 1976, Jaco Pastorius gbé àwo tirẹ̀ jáde, ó sì wọ ẹgbẹ́ Weather Report lọ́dún kan náà. Jazz Bass ọdún 1962 kan tí kò ní fret lọ́rùn mọ́ ni ó fi ṣe é. Wọ́n ti fi nǹkan dí àwọn ojú ibi tí fret wà tẹ́lẹ̀, ó sì wá fi epoxy tí wọ́n ń fi kun ọkọ̀ ojú omi bo gbogbo pákó náà. Ìdí rẹ̀ kò le: okùn roundwound ti Rotosound ni ó ń lò, irú okùn bẹ́ẹ̀ a sì máa jẹ pákó lásán tán bí ayùn. Epoxy yẹn ni ó gbé ohùn náà yọ, tí ó fi ń dán tí ó sì ń fà.

Ẹ wá wo ibi tí ó ń fi ọwọ́ sí. Ẹ̀yìn pátápátá ni, lórí pickup tí ó wà nítòsí bridge, níbi tí okùn ti le tí kì í sì í gbọ̀n jìnnà. Precision kò ní pickup níbẹ̀. Ẹ fẹ́, ẹ kọ̀, ohùn tí ó ń rìn láti orí kan bọ́ sórí òmíràn láìfọ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ bíi gángan, ẹ kò lè rí i lára Precision Jamerson bí ẹ ṣe lè wù kí ẹ pààrọ̀ okùn tó. Níhìn-ín, irú gìtá ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1986, ẹnì kan jí gìtá náà gbé nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Niú Yọ́ọ̀kì, Jaco sì kú lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e. Ó tó ogún ọdún kí gìtá yẹn tó yọjú, Robert Trujillo ti ẹgbẹ́ Metallica ni ó sì ran àwọn ẹbí lọ́wọ́ kí ó lè padà sí ọwọ́ wọn.

Okùn Pẹlẹbẹ dáhùn pé:

Ọmọ Agége, mo gbà pé kò sí pickup níbẹ̀ lára Precision. Ṣùgbọ́n wo Pino Palladino. Ní ọdún 1983, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ̀ ọ́n mọ́ Music Man StingRay tí kò ní fret, ohùn rẹ̀ sì ń kọrin lórí àwo Paul Young bí ẹni pé akọrin kejì ni. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, tí ó bá D'Angelo ṣe *Voodoo*, Precision àtijọ́ olókùn flatwound ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ta ohùn sẹ́yìn ìlù díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò rántí ọkùnrin ọdún 1983. Ẹnì kan náà ni. Iṣẹ́ ni ó ń sọ gìtá tí yóò gbé.

Àgbà Onígìtá dáhùn pé:

Ẹ̀yin méjèèjì ń sún mọ́ ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ti Marcus Miller, nítorí orúkọ rẹ̀ ni àbúrò wa fi bẹ̀rẹ̀. Jazz Bass ọdún 1977 ni tirẹ̀, ara rẹ̀ jẹ́ igi ash, pákó ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ maple, igi méjèèjì yìí ni a sì mọ̀ mọ́ ohùn tí ó mú. Ṣùgbọ́n Roger Sadowsky ní Niú Yọ́ọ̀kì ni ó la inú rẹ̀, tí ó fi preamp oníbátìrì, ẹ̀rọ kékeré tí ń fún ohùn gìtá lágbára, sí i, kí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè máa gbéra nígbà tí Marcus bá ń fi àtàǹpàkò gbá okùn. Ẹni tí ó ra Jazz Bass lásán tí ó sì ń retí ohùn *Tutu*, àwo tí Marcus ṣe pẹ̀lú Miles Davis ní ọdún 1986, yóò rò pé ọwọ́ òun ni kò dára. Ọwọ́ rẹ̀ lè dára. Preamp ni kò sí níbẹ̀.

Leo Fender fúnra rẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí ó ta Fender fún ilé iṣẹ́ CBS ní ọdún 1965, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé StingRay jáde lábẹ́ orúkọ Music Man ní ọdún 1976, preamp oníbátìrì sì ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Pickup ńlá kan ṣoṣo ni ó ní. Louis Johnson fi gbá okùn débi tí ó yẹ kí okùn já, Bernard Edwards ti ẹgbẹ́ Chic sì fi ta *Good Times* ní ọdún 1979 pẹ̀lú ìka wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nínú gbogbo gìtá tí a ti dárúkọ, òun ni mo rò pé ó rọrùn jù fún ènìyàn láti gbọ́ ara rẹ̀ láàárín ìlù púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo lọ́rùn.

Àbíkẹ́ Akọrin dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, olókùn márùn-ún àti mẹ́fà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti kọrin, olókùn mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtìjú.

Ọmọ Agége dáhùn pé:

Ìyá wa, ìtàn Anthony Jackson ni kí ẹ wò. Ní ọdún 1973, Precision olókùn mẹ́rin ni ó fi ta *For the Love of Money* ti The O'Jays, pick ni ó sì lò. Ní ọdún 1975 ó ní kí Carl Thompson ṣe olókùn mẹ́fà fún òun, nítorí pé lójú tirẹ̀ gìtá ni béèsì jẹ́, gìtá sì ní okùn mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ Fodera ní Brooklyn ń ṣe tirẹ̀ fún un, wọ́n sì fa gígùn okùn rẹ̀ dé ìnṣì 36 kí okùn ìsàlẹ̀ má baà dẹ̀. Fodera kan náà ni Victor Wooten ń ta, ṣùgbọ́n olókùn mẹ́rin ni tirẹ̀ tí ó lókìkí jù, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé okùn kò tó Wooten. Richard Bona ọmọ Kamẹrúùnù, ẹni tí àwo Jaco tí ó gbọ́ ní Douala ni ó sọ ọ́ di atabéèsì, olókùn márùn-ún ti Fodera ni a sábà máa ń rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti Bakithi Kumalo ti Gúúsù Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Washburn tí kò ní fret ni ó gbé lọ bá Paul Simon nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo *Graceland*, gìtá tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ níbi tí wọ́n bá ti ń ka Fender. Ibi kékeré tí béèsì ti dá ta nínú orin *You Can Call Me Al* tí gbogbo ènìyàn fi ń dán ara wọn wò, ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ni ó ta. Ìdajì kejì jẹ́ èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n yí padà sẹ́yìn lórí téèpù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá ìdajì kejì yẹn lọ sinmi.

Ìró Ìsàlẹ̀ kọ pé:

Ẹ ti là mí lọ́yẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá ra Jazz Bass nítorí ọrùn rẹ̀ tí ó tín-ín-rín, ṣé ó lè dúró ní ìsàlẹ̀ orin jùjú, níbi tí gángan àti àkúbà kì í sinmi, láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń gbóná jù?

Àgbà Onígìtá dáhùn pé:

Ó lè dúró. Aston Barrett, tí wọ́n ń pè ní Family Man, ni kí o wò. Pákó ni ó fi kan béèsì àkọ́kọ́ tirẹ̀ ní Kingston nígbà tí kò sí owó, ṣùgbọ́n Jazz Bass ni ó fi ta púpọ̀ nínú orin Bob Marley and the Wailers, okùn flatwound ni ó sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí gìtá náà lójú yóò búra pé Precision ni. Gbé okùn flatwound sórí tìrẹ, yí ohùn pickup ẹ̀yìn sílẹ̀ pátápátá, jẹ́ kí ti iwájú nìkan máa ṣiṣẹ́, dín bọ́tìnnì ohùn òkè kù, kí o sì máa fa okùn nítòsí ìdí ọrùn. Bí akọrin bá fẹ́ kí o jáde síwájú, ṣí pickup ẹ̀yìn padà. Precision kò ní ìyẹn. Kí o tó sanwó, ṣí àwọn bọ́tìnnì méjèèjì tí ó wà fún pickup tán pátápátá kí o sì fetí sílẹ̀: bí iná bá ń kùn nígbà tí o fi ọ̀kan sílẹ̀, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí méjèèjì bá ṣí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe àléébù. Bí ó bá ń kùn ní gbogbo ọ̀nà, jẹ́ kí wọ́n ṣí inú rẹ̀ wò lójú rẹ.